Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Wo Ààjà Inú Superconductor Nígbà Tó Ń Já Kúrò Léèkàn

Ohun tí mo fẹ́ tọ́ yín sọ́nà lé lórí ni bí ẹ ṣe lè jókòó sínú yàrá yín, bí èmi náà ṣe ń jókòó sínú tèmi l'Ábẹ́òkúta níbí, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú superconductor, ìyẹn ohun èlò tí kì í dènà iná rárá tó bá ti tutù tó, nígbà tí iná tí a rán gba inú rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i. Kò sí helium olómi nílé mi, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ka fóltéèjì tó kéré tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Ohun tí mo ní ni Python (èdè tí a fi ń kọ kóòdù), sùúrù, àti bátìrì tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, wọ́n sì tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti ka físíìsì dé ọdún kejì ní yunifásítì, tó sì lè kọ kóòdù díẹ̀, á lè bá mi dé òpin.

Ní ọdún 1911 ni onímọ̀ físíìsì Kamerlingh Onnes rí i ní ìlú Leiden pé bí a bá mú mercury tutù dé nǹkan bíi 4.2 K, ìdènà tó ń ṣe fún iná á pòórá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú superconductor tí a fi ń ṣiṣẹ́ gidi, bíi wáyà niobium-titanium inú ẹ̀rọ MRI tí ilé ìwòsàn fi ń yàwòrán inú ara, tàbí YBCO (àpòpọ̀ yttrium, barium, copper àti oxygen) tó ń di superconductor ní nǹkan bíi 92 K, kì í lé pápá òòfà jáde tán. Abrikosov ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1957 pé ńṣe ni pápá náà ń gba inú wọn kọjá bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́, tí iná sì ń yí òwú kọ̀ọ̀kan po láìdúró, àti pé ìwọ̀n òòfà tí òwú kan ń gbé kì í yàtọ̀ sí ti èkejì: 2.07 × 10⁻¹⁵ Wb, tí a ń kọ ní Φ₀. Vortex ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ààjà ni èmi máa pè é níbí, nítorí ìyípo rẹ̀. Kì í ṣe ààjà tí àwọn àgbà ní ó ń gbé ènìyàn wọgbó o. Èyí kì í gbé ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni a fẹ́ so mọ́lẹ̀.

Ìdí tí a fi fẹ́ so ó mọ́lẹ̀ nìyí. Bí a bá rán iná tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ J gba inú superconductor náà, ipá kan á máa ti ààjà kọ̀ọ̀kan, ipá náà á sì jẹ́ J × Φ₀ fún mítà kan nínú gígùn rẹ̀. Kì í tì í sí ibi tí iná ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ń tì í sí, ní ìbúu ìṣàn iná. Tí ààjà bá gbà, tó sì ń rìn ní eré v, pápá iná E = v × B (B ni ìwọ̀n pápá òòfà) á yọjú ní ojú ọ̀nà tí iná ń gbà, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ agbára, wáyà á gbóná, orúkọ "aláìní ìdènà" tí a fún un á sì di irọ́. Ohun tó ń dá ààjà dúró ni àbùkù inú ohun èlò náà: ìdọ̀tí, ihò, ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù kò ti tò dáadáa. Èèkàn ni mo máa pe irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí èèkàn ń ṣe fún ewúrẹ́ náà ló ń ṣe fún ààjà. Superconductor tó mọ́ tónítóní, tí kò ní èèkàn kankan nínú, kò wúlò fún gbígbé iná ńlá.

Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà máa ṣe kò le. Nínú iṣẹ́ yìí, a ka ààjà sí ohun tí kò ní ìwúwo, tí eré rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ipá tó wà lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wọ́ àpò ìrẹsì nínú ẹrọ̀fọ̀: ní kété tó bá dáwọ́ fífà dúró, àpò náà dúró síbi tó wà. Nítorí náà, a ó kọ ọ́ báyìí:

η v = ipá láti ọ̀dọ̀ àwọn ààjà yòókù + ipá èèkàn + ipá iná

η yẹn ni ẹrọ̀fọ̀ náà. Bardeen àti Stephen fi hàn ní 1965 pé a lè ṣírò rẹ̀ bíi Φ₀ × Bc2 ÷ ρn, níbi tí Bc2 ti jẹ́ pápá òòfà tó ń pa ìwà superconductor run pátápátá, tí ρn sì jẹ́ ìdènà ohun èlò náà nígbà tí kò tíì di superconductor.

Kí àwọn nọ́ńbà má baà kéré jù, ẹ má fi mítà ṣiṣẹ́. Ẹ fi λ ṣe òṣùwọ̀n gígùn, èyí tí í ṣe jíjìn tí pápá òòfà lè wọ inú superconductor kó tó kú, tó sì tó nǹkan bíi 150 nm nínú YBCO. Ẹ fi f₀ = Φ₀² ÷ (2πμ₀λ³) ṣe òṣùwọ̀n ipá. Tí ẹ bá ṣírò f₀ fún 150 nm, ẹ ó rí nǹkan bíi 1.6 × 10⁻⁴ N fún mítà kan. Iná tó tó 10¹⁰ A/m², tí kì í ṣe iná kékeré rárá, á fi nǹkan bíi 0.13 f₀ ti ààjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ bá ayé mu.

Ó kan kíkọ́ àpótí. Ẹ ṣe àpótí onígun mẹ́rin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 24λ, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 20.78λ, kí ẹ to ààjà 400 sínú rẹ̀ ní ìlà 20, ogún-ogún nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kejì yẹ̀ sí àárín àlàfo ìlà àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé ààjà mẹ́fà ló máa yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jìnnà sí aládùúgbò rẹ̀ ní 1.2λ. Bí wọ́n ṣe máa ń tò fúnra wọn nìyẹn tí kò bá sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú; Essmann àti Träuble ya àwòrán rẹ̀ ní 1967, wọ́n da eruku irin sójú superconductor kí eruku náà lè fi ibi tí ààjà kọ̀ọ̀kan wà hàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ya tèmi sójú kọ̀ǹpútà, àwọn ibi tí wọ́n fi ìko dì lára àdìrẹ oníko ló wá sí mi lọ́kàn, àfi pé ọwọ́ àwọn ìyá aládìrẹ ọjà Ìtòkú kì í tò ó gún régé tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí tiwọn lẹ́wà ju tèmi lọ.

Àpótí náà kò gbọ́dọ̀ ní ògiri. Ààjà tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún jáde gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ òsì wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni òkè àti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá sì ń wọn bí ààjà kan ṣe jìnnà sí òmíràn, ọ̀nà tó kúrú jù láàárín wọn ni kí ẹ lò, ì báà jẹ́ èyí tó gba ẹnu ibodè kọjá.

Àwọn ààjà tó ń yí sí ọ̀nà kan náà máa ń ti ara wọn. Ipá náà ni f₀ × K₁(r/λ), níbi tí K₁ ti jẹ́ Bessel function tó wà nínú SciPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python) ní orúkọ k1. Ní 1.2λ, ó tó nǹkan bíi 0.43 f₀, nígbà tí ẹ bá fi máa dé 6λ, ó ti kéré sí ìdá kan nínú 700 f₀, nítorí náà ẹ lè gé e síbẹ̀. Ẹ má ṣe pe k1 ní gbogbo ìṣísẹ̀, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn púpọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún nǹkan bí ibi 5,000 láàárín 0.01λ sí 6λ, ẹ fi pamọ́ bí tábìlì, kí ẹ máa ti inú tábìlì yẹn mú u.

Ẹ wá da èèkàn 150 káàkiri àpótí náà láìtò wọ́n. Èèkàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ kòtò roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ láti àárín dé etí jẹ́ 0.2λ. Ààjà tó bá wà nínú rẹ̀ ni èèkàn ń fà padà sí àárín, ipá ìfàsẹ́yìn náà sì ń pọ̀ bó ṣe ń sún mọ́ etí, títí á fi tó fp ní etí gan-an. Lẹ́yìn etí, òfo. Ẹ rí i dájú pé kòtò méjì kò wọnú ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó ní èèkàn kan tó lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi fp sí 0.5 f₀.

Fún ìṣísẹ̀ àkókò, ẹ lo 0.02 nínú òṣùwọ̀n ηλ/f₀. Tó bá tóbi ju ìyẹn lọ, ààjà lè fo kọjá èèkàn láìfarakàn án.

Kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ dán kóòdù yín wò pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tí ẹ ti mọ ìdáhùn wọn. Ẹ yọ gbogbo èèkàn, kí ẹ ti àwọn ààjà 400 náà pẹ̀lú ipá 0.1 f₀: ìpíndọ́gba eré wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.1 f₀/η géérégé, nítorí bí ọ̀kan ṣe ń ti èkejì ni èkejì ń tì í padà, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́ nínú àròpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ààjà kan ṣoṣo sínú èèkàn kan ṣoṣo, kí ẹ máa fi ipá kún ipá. Kò gbọ́dọ̀ kúrò ní 0.499 f₀, ó gbọ́dọ̀ kúrò ní 0.501 f₀. Èmi kò ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn dáadáa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ààjà wà nínú àpótí ni mo fi ń ṣírò eré rẹ̀, mi ò rántí pé ààjà tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún jáde, tó tún gba ọwọ́ òsì wọlé, á dà bí ẹni tó sá padà sẹ́yìn ní 24λ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yọ̀ pé mo ti rí ààjà tó ń rìn lòdì sí ipá. Ẹ máa tọ́jú ìrìn gidi lọ́tọ̀, láìdá a padà sínú àpótí, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣírò eré.

Tí ìdánwò bá ti yege, ẹ fi èèkàn padà, ẹ jẹ́ kí àwọn ààjà sinmi fún ìṣísẹ̀ 20,000 láìsí ipá iná rárá. Lásìkò yìí, àwọn tó wà nítòsí èèkàn á wọlé, àwọn yòókù á sì yẹra fún wọn, títò dáradára tí wọ́n tò níbẹ̀rẹ̀ á sì wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá máa fi ipá iná kún un ní 0.015 f₀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 0.6 f₀, kí ẹ sì dúró fún ìṣísẹ̀ 50,000 lórí ipá kọ̀ọ̀kan. Ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 2 ni gbogbo rẹ̀. Tí ìṣísẹ̀ kan bá gba mílísẹ́kọ́ǹdù 8 lórí kọ̀ǹpútà yín, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lẹ ó lò.

Níbí ni kí n ti gbà yín nímọ̀ràn bí ẹni tí iná ti mú lọ́wọ́ bọ iná rí. Ẹ fi ipò gbogbo ààjà pamọ́ sínú fáìlì lẹ́yìn ipá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbé tèmi kalẹ̀ tí mo sì lọ sùn. Iná lọ ní òru, bátìrì sì gbìyànjú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú dúdú ni kọ̀ǹpútà fi kí mi káàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, fáìlì 40 ni mò ń rí fún iṣẹ́ 40, tí iná bá sì lọ lẹ́yìn ìkẹrìndínlógún, ìkẹtàdínlógún ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ya gíráàfù: ipá ní ìsàlẹ̀, ìpíndọ́gba eré ní ẹ̀gbẹ́. Ìlà náà á lẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á gbé orí sókè, á sì máa sún mọ́ ìlà gbọọrọ tí ẹ rí nígbà tí kò sí èèkàn, láìkọjá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró síbí, wọ́n á fi ìka sí ibi tí ìlà ti gbé orí, wọ́n á ní, "Ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìpíndọ́gba ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, ohun tó sì ń bò mọ́lẹ̀ gan-an ni ohun tí a wá wò.

Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń kọ́ físíìsì ló jẹ́ kí ojú mi là sí i. Ó wá jókòó tì mí nígbà tí mò ń wo àwòrán àwọn ààjà náà, mo sì ní kó yan ọ̀kan tó wù ú, kó kùn ún ní pupa. Ipá ń gòkè, èyí tó yàn kò mira. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ààjà tiyín yìí ti kú o." Gíráàfù sì ń sọ pé eré ti wà. A wá ní kí kọ̀ǹpútà ya ipa ẹsẹ̀ gbogbo wọn, kó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kọjá láti bí ìṣísẹ̀ 50,000 sẹ́yìn. Ohun tó jáde ni ipa kan ṣoṣo tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti òsì dé ọ̀tún, tó ń yí èèkàn kiri, tí àwọn ààjà ń tò gba inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn tó kù wà lójú kan, wọ́n kàn ń mì díẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹni tó bá ti gba àárín ìsọ̀ àdìrẹ kọjá ní Ìtòkú lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ ti rí i rí: àwọn tó ń nájà dúró gbọn-in síwájú ìsọ̀, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló sì ṣí láàárín wọn.

Àwọn tó ń rìn nínú ipa yẹn kì í sábà jẹ́ àwọn tó wà nínú èèkàn. Àwọn aláìléèkàn ni, tó jẹ́ pé àwọn aládùúgbò wọn nìkan ló ń dì wọ́n mú. Nítorí náà ni ìrìn ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ipá tó kéré sí 0.5 f₀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààjà kan ṣoṣo nínú èèkàn kan ṣoṣo kò ní kúrò ṣáájú 0.5. Jensen, Brass àti Berlinsky ti fi irú ìrìn onípa yìí hàn lórí kọ̀ǹpútà láti 1988. Tí ẹ bá tún ń fi ipá kún un, ipa kejì á là, ìkẹta á là, wọ́n á pàdé ara wọn, títí àwọn tó wà léèkàn pàápàá á fi já.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú fp = 0.05 f₀, ẹ ó sì rí ìwà mìíràn. Níbí, èèkàn kò lágbára tó agbára tí àwọn ààjà fi ń di ara wọn mú, nítorí náà gbogbo wọn ló máa ń mì pọ̀, tí wọ́n sì máa ń ṣí pọ̀ bí ẹní tí a fà nílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ aládùúgbò ẹni ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ni aládùúgbò ẹni lẹ́yìn ìrìn gígùn. Láti mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ láìwo àwòrán, ẹ ka iye ààjà tí aládùúgbò wọn kì í ṣe mẹ́fà. Bí iye náà bá pọ̀, ipa-ipa ni wọ́n ń rìn. Ẹ kà á ní ipá tó ga gan-an náà: pẹ̀lú fp = 0.5, iye yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, nítorí pé ààjà tó ń sáré kì í ráyè mọ èèkàn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Koshelev àti Vinokur kọ nípa títúntò yìí ní 1994.

Ẹ má fi ọkàn tán bí ẹ ṣe da èèkàn 150 ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ yí nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń da èèkàn padà, ó kéré tán nígbà 10, kí ẹ sì fi bí ìdáhùn ṣe yàtọ̀ síra hàn. Ẹ ti ipá náà padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá ń rìn ní ipa-ipa, ìlà àbọ̀ lè má bá ìlà àlọ mu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdúródè, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù. Nínú yàrá ìwádìí, àwọn tó ń wọn YBCO máa ń sọ pé ààjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà tí E bá dé 1 µV lórí sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyẹn ṣe rí nínú àpótí wa. Àlàfo 1.2λ túmọ̀ sí pé pápá òòfà wa jẹ́ nǹkan bíi 0.074 T, E ÷ B á fún wa ní eré nǹkan bíi mílímítà 1.35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá fi Bc2 = 100 T àti ρn = 10⁻⁶ Ωm ṣírò η, òṣùwọ̀n eré wa, f₀/η, á jẹ́ nǹkan bíi mítà 770 ní ìṣẹ́jú àáyá. Eré tí yàrá ìwádìí ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ kò wá ju ìdá méjì nínú mílíọ̀nù òṣùwọ̀n wa lọ. Kí ààjà tó rìn ní 1λ péré ní irú eré yẹn, kọ̀ǹpútà á ti ṣe nǹkan bí ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 30. Ìṣísẹ̀ 50,000 wa kò lè rí i láéláé. Ohun tí a pè ní "wọn ò tíì rìn" lè ti jẹ́ ìrìn tó ti pẹ́ lójú ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ kọ eré tí ẹ fi ṣe ààlà sí ẹ̀gbẹ́ ipá ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá rí, pẹ̀lú iye ìṣísẹ̀ tí ẹ dúró. Èmi máa ń fi 0.0005 f₀/η ṣe ààlà, nítorí nínú ìṣísẹ̀ 50,000 ó túmọ̀ sí pé ìpíndọ́gba ìrìn wọn dé 0.5λ, èyí tí ojú lè rí lórí àwòrán.

Tí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ ohun tí yàrá ìwádìí ń rí, ẹ mú ooru wọ inú ìṣirò náà. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ààjà kọ̀ọ̀kan ní ìtanilẹ́sẹ̀ kékeré tí a kò mọ ibi tó máa kọjú sí, tí títóbi rẹ̀ ń bá gbòǹgbò ìlọ́po-méjì ìṣísẹ̀ àkókò lọ, kì í ṣe ìṣísẹ̀ àkókò fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé kí ènìyàn gbàgbé gbòǹgbò yẹn, ìwọ̀n ooru rẹ̀ á sì máa yí padà nígbàkigbà tó bá yí ìṣísẹ̀ padà. Anderson ti sọ láti 1962 pé ooru lè mú ààjà fo kúrò léèkàn kí ipá iná tó tó, àti pé àkókò tí a ó fi dúró dè é ń gùn kíákíá gan-an bí òkè tó máa fò bá ṣe ga sí i. Ẹ mú ipá márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ìlà yín ti gbé orí, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ààjà àkọ́kọ́ á fi fo kúrò níbi tó wà dé ibi aládùúgbò rẹ̀, kí ẹ sì kọ àkókò náà sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà 20 fún ipá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya lọ́gárídíìmù ìpíndọ́gba àkókò náà sí ẹ̀gbẹ́ ipá. Èyí tó gùn jù nínú rẹ̀ gba òru méjì lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí díẹ̀ níbi tí iná ti já wa kulẹ̀. Ipá tó kéré jù nínú márààrún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, nítorí òun ló máa pẹ́ jù.